Ẹ Ṣí Kọ̀ǹpútà Yín Wò Kí Ẹ Tó Ra Káàdì Gíráfíìsì

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ pẹlẹbẹ, irú Dell OptiPlex SFF àti HP EliteDesk, pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU àti àwọn tó ń ya fídíò òde ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́. Kò gbàyè, kò sì jẹ iná púpọ̀. Bí fídíò bá wá ń wọ́ lórí rẹ̀, wọ́n á fowó ránṣẹ́ sí Computer Village n'Ìkẹjà, káàdì gíráfíìsì, èyí tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ àwòrán àti fídíò, á bá mọ́tò Èkó wá. Ọjọ́ tó bá dé ni ọ̀pọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí kọ̀ǹpútà wò. Bí kò bá wọlé, ta ló fẹ́ tún gbé e padà lọ sí Èkó?

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn máa béèrè GB, ìyẹn ìwọ̀n mẹ́mọ́rì káàdì, nìkan: “Ẹ bá mi wá 4GB.” GB kọ́ ló ń dí káàdì lọ́nà. Irin ẹ̀yìn káàdì gíga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Ti kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè ní low profile, kò ju bíi 8 lọ. Ẹ sọ fún ontajà pé irin kúkúrú lẹ fẹ́, kí ó sì fi sínú páálí, torí ó sábà máa ń sọnù lára káàdì àlòkù. Ẹ wo bó ṣe nípọn pẹ̀lú. Káàdì mìíràn gba àyè slot méjì (slot ni ojú tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ lórí bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà), bẹ́ẹ̀ power supply, àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà, sì lè fara ti slot ńlá pẹ́kípẹ́kí. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ní ti OptiPlex Micro, kò tilẹ̀ sí slot káàdì gíráfíìsì nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ náwó.

Ọ̀rọ̀ iná ló burú jù. Wáàtì 75 ni slot lè fún káàdì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Power supply OptiPlex 9020 SFF jẹ́ wáàtì 255, ti 7050 SFF kò ju 180 lọ, kò sì sí wáyà tí wọ́n fi ń fún káàdì ní iná àfikún lára wọn. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n ń fi àdápútà fa iná láti ojú wáyà hard disk. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ojú wáyà hard disk yìí, tí wọ́n ń pè ní SATA, ọ̀kan rẹ̀ kò ṣe é fún ju wáàtì 54 lọ. Bí káàdì bá fa jù bẹ́ẹ̀, wáyà á gbóná, ó sì lè yọ́. Bí ẹ̀rọ bá sì ń kú lójijì, wọ́n á ní NEPA ni. Ẹ má sì rò pé ẹ ó kàn ra power supply ńlá pààrọ̀: ìrísí rẹ̀ àti ojú wáyà rẹ̀ nínú Dell àti HP wọ̀nyí yàtọ̀ sí ti ọjà.

Orúkọ káàdì náà ń tan ènìyàn. RTX 3050 6GB ń jẹ wáàtì 70; RTX 3050 8GB ń jẹ 130. GTX 1650 kan kò nílò wáyà, òmíràn nílò rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò etí káàdì ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ lè rí i bóyá ojú wáyà iná wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin oní-fídíò, ẹ gbọ́ tiyín lọ́tọ̀: GT 1030 àti RX 6400 wọlé dáadáa, iná wọn kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yà tó ń bá ni yára gbé fídíò jáde nínú wọn. RX 6400 tún máa ń falẹ̀ sí i lórí bọ́ọ̀dù àtijọ́. Lójú tèmi, káàdì NVIDIA T1000 ló bá iṣẹ́ yín mu jù: wáàtì 50, ó tín-ín-rín, kò sì nílò wáyà kankan.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ yín. Bó bá jẹ́ VGA, ojú wáyà mọ́nítọ̀ àtijọ́, nìkan ló ní, àwọn káàdì wọ̀nyí kò ní in, ẹ ó ra àdápútà tirẹ̀. Tí ẹ bá parí, ara káàdì ni kí ẹ ti wáyà mọ́nítọ̀ bọ̀, kì í ṣe ojú ti tẹ́lẹ̀ lára bọ́ọ̀dù.