Bí a ṣe ń jiyàn lórí obìnrin mẹ́ta tó pòórá ní Springfield

Ní òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè, ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1992, obìnrin mẹ́ta pòórá nínú ilé kan ní òpópónà East Delmar, nílùú Springfield, ìpínlẹ̀ Missouri, ní Amẹ́ríkà. Sherrill Levitt, ẹni ọdún 47, ló ń gbé ilé náà. Iṣẹ́ irun ló ń ṣe. Suzie Streeter ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 19. Stacy McCall, ọ̀rẹ́ Suzie, jẹ́ ẹni ọdún 18. Ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni àwọn ọmọ méjèèjì ṣe ayẹyẹ ìjáde ilé ìwé girama. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó rí wọn lóòyẹ̀, kò sẹ́ni tó rí òkú wọn, wọn ò sì fẹ̀sùn ìpòórá wọn kan ẹnikẹ́ni nílé ẹjọ́.

Ìsọfúnni tó ti dé etí ọlọ́pàá lórí ọ̀rọ̀ yìí lé ní 5,000. Ẹ rí i pé kò yani lẹ́nu bí àbá ṣe pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jókòó jiyàn rẹ̀, bóyá ẹ jẹ́ 4 tàbí 8, ohun tó máa jẹ́ kí iyàn náà lójú ni pé ilé yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti ní afurasí lọ́kàn kó tó wọlé, gbogbo ohun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò máa jọ ẹ̀rí lójú rẹ̀.

Ẹ to wákàtí

Ẹ mú bébà fífẹ̀ kan, kí ẹ fa òpó 4 sí i: aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó sọ ọ́, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Òpó kẹrin yẹn làwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì wúlò jù. Ohun tí aládùúgbò sọ ní ọjọ́ kejì kò lè wúwo bákan náà pẹ̀lú ohun tó rántí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí àwòrán àwọn obìnrin náà ti wà lára òpó iná gbogbo, tí oníròyìn sì ti bi í ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tó máa wà lórí bébà náà kò pọ̀. Ní aago 11:15 alẹ́, Sherrill bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní òun ń kun kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ́dà. Ní nǹkan bí aago 2 òru, Suzie àti Stacy kúrò nílé ọ̀rẹ́ wọn kan ní Battlefield, ìlú kékeré tó fara ti Springfield. Ibẹ̀ ni wọn ì bá sùn, ṣùgbọ́n èrò kún ilé náà, wọ́n bá pinnu láti lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá Suzie. Àwọn àti ọ̀rẹ́ náà ti jọ ṣàdéhùn láti lọ síbi ìgbafẹ́ olómi kan ní Branson lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn ò yọjú, ọ̀rẹ́ náà àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ wá wò wọ́n nílé. Ìyá Stacy ló ké sí ọlọ́pàá níkẹyìn. Nígbà yẹn, ó ti lé ní wákàtí 16 tí wọ́n ti fojú kàn wọ́n gbẹ̀yìn.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kẹfà, oòrùn máa ń yọ ní Springfield ní nǹkan bí aago 6. Bí àwọn ọmọ náà bá wọlé ní aago 2:30, wákàtí 3 àbọ̀ òkùnkùn péré ló kù. Àbá tó bá nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kó èèyàn mẹ́ta jáde ní ojúmọmọ láàárín àwọn ilé mìíràn tí aládùúgbò kankan kò fi figbe ta.

Ohun tó wà nílé, àti ohun tí wọ́n ti fọwọ́ kàn

Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níta. Pọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ilé lójú kan, kọ́kọ́rọ́ náà wà níbẹ̀. Ìyá àtọmọ máa ń mu sìgá. Sìgá wọn kò kúrò nílé. Oògùn tí Stacy ń lò sí ẹ̀fọ́rí líle rẹ̀ kò kúrò nílé. Àwọn ọmọ náà ti nu àtíkè ojú wọn, wọ́n ti bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀dì Sherrill fi hàn pé ẹnìkan ti sùn lé e. Tẹlifíṣọ̀n ń ṣiṣẹ́. Ajá kékeré tí wọ́n ń sìn, Cinnamon, wà nílé, ara rẹ̀ ò sì balẹ̀ rárá. Wọn ò ti ilẹ̀kùn pa, kò sì sí àmì ìjà.

Èyí nìkan ti yanjú àbá méjì. Wọn ò dá àwọn ọmọ náà lọ́nà lójú títì, nítorí wọ́n délé, wọ́n sì ti ń múra àtisùn. Wọn ò sì fẹsẹ̀ ara wọn sá lọ: ta ni yóò sá kúrò nílùú tí yóò fi owó, ọkọ̀, oògùn àti ajá rẹ̀ sílẹ̀?

Dígí ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ fara balẹ̀ lé lórí. Dígí tó bo iná ìta náà fọ́, ṣùgbọ́n gílóòbù inú rẹ̀ kò fọ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ àwọn ọmọ náà dé, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ bá a gbá àfọ́kù náà kúrò nílẹ̀. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, kó má baà gún ẹlẹ́sẹ̀ lásán lẹ́sẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó bá ìgbálẹ̀ yẹn lọ. Ibi tí àfọ́kù fọ́n sí lè sọ ibi tí ẹni tó fọ́ dígí náà dúró sí. Bí bàtà bá ti tẹ àfọ́kù mọ́lẹ̀ tó rún wómúwómú, a ó mọ̀ pé èèyàn gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn tó fọ́. Ipa ìka ọwọ́ lè wà lára èyí tó tóbi nínú wọn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ dígí náà kí Sherrill lè ṣílẹ̀kùn wá wo ohun tó ń dún, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ní èjìká ẹni tí wọ́n ń fipá fà jáde ló kọlù ú, ìyẹn náà lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ì bá là wọ́n níjà ti wọ inú garawa ìdọ̀tí. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà pé “kò lè dá àbá kankan láre”, kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi kọ́lé mọ́.

Báyìí náà ni ọ̀rọ̀ fóònù. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wọn wà nínú ilé, ọkùnrin kan pè lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ rírùn ló ń sọ. Lẹ́yìn náà, ìyá Stacy gbọ́ iṣẹ́ kan tó ṣàjèjì lórí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì parẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ láì mọ̀ọ́mọ̀. Àwọn ọlọ́pàá gbà pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ yẹn wúlò, àti pé kò bá ìpè ọlọ́rọ̀ rírùn yẹn tan. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ti ṣi ọ̀nà, ẹ tètè dá a padà. Ẹ sì má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ìyá yẹn lẹ́bi. Ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Kò mọ̀ pé ibi ìwà ọ̀daràn lòun dúró sí.

Kí ọlọ́pàá tó dé, àwọn ará àti ọ̀rẹ́ tó lé ní 10 ti wọlé, wọ́n ti jáde. Nítorí náà, lórí ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá mẹ́nu bà, ẹ béèrè pé ta ló kọ́kọ́ rí i, èèyàn mélòó ló sì ti kọjá lára rẹ̀ kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀. Èyí kan ètò àwọn pọ́ọ̀sì yẹn náà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà sí ẹ̀rí ńlá.

Ìbéèrè tí àbá gbogbo gbọ́dọ̀ dáhùn

Báwo ni wọ́n ṣe wọlé láì já ilẹ̀kùn? Báwo ni wọ́n ṣe kápá èèyàn mẹ́ta láì sí ẹ̀jẹ̀, láì sí àga tó ṣubú? Ọkọ̀ wo ló kó wọn? Kí ló dé tí wọn ò fi mú owó? Ìwọ̀nyí rọrùn láti béèrè, onírúurú àbá sì lè dá wọn lóhùn. Èyí tó le jù ni pé: ta ni wọ́n wá bá?

Ní aago 11:15, ètò tó wà nílẹ̀ ni pé Sherrill nìkan ni yóò sùn nílé náà. Ìgbà tó di aago 2 ni ètò yí padà. Bí ó bá jẹ́ Sherrill ni ẹni náà ń wá, èèyàn kan ló ń retí, mẹ́ta ló sì bá, tàbí kó jẹ́ pé ó ti wà nínú ilé kí àwọn ọmọ tó dé. Bí ó bá jẹ́ Suzie tàbí Stacy ló ń wá, ó ní láti wà nílé ọ̀rẹ́ wọn ní Battlefield, tàbí kó tẹ̀ lé ọkọ̀ wọn, tàbí kó mọ ẹni tó sọ fún un. Stacy kì í ṣe ará ilé náà rárá, ẹni tó bá ní Stacy ni wọ́n wá mú ni iṣẹ́ pọ̀ fún jù. Bí àbá kan kò bá lè yan ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kó sì dúró tì í, ẹ gbé e sẹ́yìn.

Ẹ dán an wò lára àwọn àbá tó gbajúmọ̀

Àbá kan ní wọ́n rì wọ́n sábẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn kan nílùú náà. Ní 2007, ẹnìkan lo ẹ̀rọ rédà tó ń wo abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ó ní òun rí ibi mẹ́ta tí kò bára mu. Àyè mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta: ó wọni létí. Ṣùgbọ́n ohun tí rédà ń fi hàn ni ibi tí ilẹ̀ ti yàtọ̀ sí ilẹ̀, kì í dárúkọ egungun. Páìpù, ihò inú ilẹ̀, kọnkéré tó ki ju ìyókù lọ, gbogbo wọn ló lè fara hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo bébà wákàtí yín. Oṣù kẹsàn-án 1993 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí náà, oṣù 15 lẹ́yìn tí wọ́n pòórá. Onítọ̀hún ní láti pa òkú mẹ́ta mọ́ síbòmíràn fún oṣù 15, kó sì tún hú wọn, kó kó wọn wá sáàárín àwọn kọ́lékọ́lé. Títí ẹnìkan yóò fi ṣàlàyé ìyẹn, àbá yìí kò dúró.

Òmíràn dá lórí ọkùnrin kan tó ń gbé Springfield ní 1992, tó wá dèrò ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà. Ní 1997 ó sọ fún oníròyìn pé òun mọ̀ pé àwọn obìnrin náà ti kú, pé ìtòsí Springfield ni wọ́n sin wọ́n sí. Obìnrin tó ń fẹ́ nígbà náà kọ́kọ́ ní àwọn jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sọ́ńdè yẹn, ó tún yí ọ̀rọ̀ náà padà. Àwọn èèyàn máa ń jà lórí ṣọ́ọ̀ṣì yìí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ bi wọ́n pé: bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, kí ni ìsìn àárọ̀ fẹ́ sọ nípa aago 3 òru? Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ẹ wò ó bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn kò lè mọ̀. Ìjẹ́wọ́ tó wúwo ni èyí tó bá sọ ibi, tàbí ohun kan nínú ilé tí kò tíì jáde síta. “Wọ́n ti kú, wọ́n ti sin wọ́n” kò tíì débẹ̀.

Àbá kẹta dá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí Suzie ti fẹ́ rí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ́ ilé òkú kan ní itẹ́ òkú, wọ́n yọ góòlù eyín, wọ́n tà á. Suzie sì ti sọ ohun tó mọ̀ fún ọlọ́pàá. Ìdí wà nínú àbá yìí, ìyẹn ló fi lágbára. Ṣùgbọ́n ìdí kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà: báwo ló ṣe mọ ibi tí Suzie máa sùn lóru yẹn?

Ní ti òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ tó ní òun rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lóru yẹn, àti àwọn tó ní àwọn rí bọ́ọ̀sì Dodge aláwọ̀ ewé, ẹ kọ wọ́n sí òpó wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, kí ẹ máa lọ.

Ìjókòó fúnra rẹ̀

Àbá kan lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 20. Kí ẹni tó mú un wá tó la ẹnu, kó kọ ohun kan sílẹ̀ tó jẹ́ pé bí a bá rí i, òun yóò gbà pé àbá òun ti ṣubú. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan kọ kò tíì ní àbá. Ẹlòmíràn ni kó gbèjà àbá náà ní ìdajì kejì, kí ẹni tó ni ín sì máa ta kò ó. Bí ẹnìkan bá ní “ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ló sọ bẹ́ẹ̀”, ẹ wá orísun wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìròyìn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dà kọ.

Ẹ pe ẹni tí wọn kò fẹ̀sùn kàn ní A, B tàbí D, àní láàárín ara yín. Ẹ má kọ lẹ́tà sí ẹbí, ẹ má lọ ya fọ́tò ilé wọn. Ní 1997 òfin ti ka Sherrill àti Suzie sí olóògbé, àga ìrántí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà ní ọgbà Phelps Grove, ṣùgbọ́n àwọn tó bí wọn, tó bá wọn jẹun, ṣì ń retí ìpè kan.

Bí ẹnìkan láàárín yín bá mọ ohun gidi, orúkọ, ibi, ọ̀rọ̀ tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́, kó má kọ́kọ́ sọ ọ́ níbi ìjókòó. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú déètì, kó pe àwọn ọlọ́pàá Springfield tí fáìlì náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1992, ẹnìkan pe ètò tẹlifíṣọ̀n America's Most Wanted lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe fẹ́ so ó pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni fóònù já. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó tún pè, kò pè mọ́. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni kí onítọ̀hún pè sí tààrà, kó sì fi nọ́ńbà tí wọ́n lè fi pè é padà sílẹ̀.