Bí mo ṣe fún oníkálukú ní fódà tirẹ̀ lórí sáfà ọ́fíìsì wa ní Àkúrẹ́

Owó ló bí mi nínú. Ọ̀gá wa ti sanwó fún ọmọkùnrin kan pé kó so kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì awọnlẹ̀ wa ní Alágbàká pọ̀ mọ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo wa ń tọ́jú fáìlì sí. Fódà kan ṣoṣo ló ṣe, PUBLIC, orúkọ kan náà, office, sì ni gbogbo wa fi ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó wù á kọ, ẹni tó wù á pa rẹ́. Bí pílánì ilẹ̀ oníbàárà kan ṣe pòórá nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́wọ́. A pè é padà pé kó ya fódà wa sọ́tọ̀, ló bá ní iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, iye tó sì dá lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Mo ní kí Ọ̀gá fi í sílẹ̀, màá ṣe é.

Ubuntu (Linux tó ń darí sáfà náà) àti Samba (ètò tó ń jẹ́ kí Windows rí fódà orí rẹ̀) ti wà níbẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Nínú /etc/samba/smb.conf, fáìlì tí Samba ti ń gba àṣẹ, apá kan wà tó ń jẹ́ [homes], tó ń fún oníkálukú ní fódà tirẹ̀. Àmì (;) ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀ kó má ṣiṣẹ́. Mo tú u, mo sọ read only di no kó ṣeé kọ nǹkan sí, mo jẹ́ kí valid users = %S máa lé àlejò jáde, mo sì fi create mask àti directory mask sí 0700, kí ẹni tó ni fáìlì nìkan lè ṣí i. Mo fi adduser dá orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, mo sì fi smbpasswd -a fún un ní páàsìwọ́ọ̀dù, torí Samba ní ìwé orúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. testparm, àṣẹ tó ń yẹ smb.conf wò, ò rí nǹkan kan bá wí. Mo ti ń yangàn nínú ọ́fíìsì!

Àfi ìgbà tí mo dé ìdí kọ̀ǹpútà iwájú, èyí tí Màmá akọ̀wé àti ọmọ àgùnbánirọ̀ wa jọ ń lò. Mo tẹ orúkọ Màmá, Windows gbé àṣìṣe 1219 jáde: kò gbà kí ẹnì kan fi ju orúkọ kan lọ wọ sáfà kan náà. Orúkọ kejì wo? Mo tún smb.conf yẹ̀ wò, mo tún smbd, ìyẹn Samba fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀, mo pààrọ̀ páàsìwọ́ọ̀dù. Ọmọ àgùnbánirọ̀ ní, "Sà, bóyá wáyà ni." Wọ́n mú iná lọ, a tan jẹnẹrétọ̀, 1219 tún yọjú. Màmá gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kí n kúkú máa lo ti tẹ́lẹ̀?" Mi ò dá a lóhùn, torí ohun tó wà lẹ́nu mi kò ṣeé sọ sí àgbàlagbà.

Ìgbà tí mo tẹ net use, àṣẹ Windows tó ń fi fódà sáfà tí kọ̀ǹpútà so mọ́ hàn, ni àṣírí tú. Dírááfù Z: ṣì so mọ́ PUBLIC. Ọmọkùnrin yẹn ti tọ́jú orúkọ office sínú Credential Manager, ibi tí Windows ń pa orúkọ àti páàsìwọ́ọ̀dù mọ́ sí, kọ̀ǹpútà kan ò sì ní tàn kó má kọ́kọ́ fi orúkọ yẹn yọ́ wọlé. Ẹ ti fèrèsé rẹ̀ títí, kò ní já. Mo tẹ net use * /delete láti já gbogbo rẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò nínú Credential Manager, mo jáde kúrò nínú Windows, mo padà wọlé. Fódà Màmá ṣí wẹ́rẹ́.

Ó wá kan ọmọ àgùnbánirọ̀. 1219! Torí orúkọ Windows kan náà làwọn méjèèjì ń lò.

Nítorí náà, bí ẹni méjì bá ń jọ lo kọ̀ǹpútà kan, orúkọ Windows tiwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá sílẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan sáfà rárá. Bí orúkọ àti páàsìwọ́ọ̀dù ọ̀hún bá bá ti Samba mu, kò tilẹ̀ ní bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Àwọn kan á ní kí ẹ fi nọ́ńbà IP (àdírẹ́sì sáfà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) rọ́pò orúkọ sáfà, kí Windows lè rò pé sáfà mìíràn ni. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ̀tàn ni, èmi ò fẹ́ ẹ ní ọ́fíìsì wa.

PUBLIC ṣì wà fún àwọn pílánì àtijọ́, kíkà nìkan ni. Ọ̀gá ní òun á ra háádì dísìkì tí a ó máa da gbogbo fódà náà kọ sí lọ́jọ́ Ẹtì, torí 0700 kò lè gba fáìlì lọ́wọ́ dísìkì tó bá kú. A ṣì ń retí rẹ̀.