Bí Ìjọ Kékeré Ṣe Lè Di Mímọ̀ Láàárín Àwọn Aládùúgbò Rẹ̀ ní Kétu

Ìjọ kan lè pé ọdún mẹ́ta ní àdúgbò kan ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, kí ó máa kọrin, kí ó sì máa gbàdúrà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, síbẹ̀ kí sẹ́míjàn tí ń fi alùpùpù gbé èrò kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ má mọ ohun tí yóò sọ bí èrò bá béèrè pé ilé ìsìn ta nìyẹn. Irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni mo ń kọ̀wé sí. Owó kékeré ni iṣẹ́ náà yóò ná yín, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù oṣù mélòó kan.

Ẹ kọ́kọ́ rìn yí àdúgbò ká. Ẹ yan ènìyàn méjì méjì, ìyá àgbà kan àti ọ̀dọ́ kan, kí ẹ sì fún wọn ní ojúlé mẹ́wàá mẹ́wàá tí wọn yóò lọ kí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ará ilé bá ti dé láti oko àti ọjà. Kí wọ́n má wàásù lọ́jọ́ yẹn rárá. Lẹ́yìn ìkíni, kí wọ́n béèrè orúkọ tí àwọn àgbà ń pe ibẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé náà, àti ohun tí ilé ìsìn wa ń ṣe tí ó ń ni wọ́n lára. Ìbéèrè kẹta yìí ló ṣòroó béèrè jù, òun náà ló sì ń so èso jù. Nígbà tí ìjọ tiwa béèrè rẹ̀, ìyá kan tí ń ta àkàsà sọ fún wa pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa kọjú sí fèrèsé yàrá tí ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń sùn. Wọ́n ti ń fara dà á láti ọjọ́ ìkómọ. A yí ẹ̀rọ náà padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, a sì padà lọ bẹ ìyá náà. Ẹ kọ gbogbo ìdáhùn sínú ìwé, kí ẹ sì tún èyí tí ẹ lè tún ṣe ṣe kí ẹ tó tẹ ìwé ìkéde kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ló tẹ̀ lé e. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin ti 11 oṣù Kejìlá 1990 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ìjọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé náà dání nígbà tí ẹ bá lọ kí mérì àti olórí àdúgbò.

Ẹ má ṣe fo ààfin Alákétu. Ìlú tí ogun Dàhómì kó ní 1886, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì padà wá tún kọ́ lórí ahoro, mọ ìyàtọ̀ láàárín àlejò tó kí onílé àti èyí tó kàn jókòó. Ẹ wá àgbà ìlú kan tí yóò mú yín lọ, tí yóò sì júwe bí a ti ń wọlé. Ẹ kí lèmọ́mù mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, kí ẹ kí àwọn àgbà onígẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè àwọn ọjọ́ tiwọn. Òru ni wọ́n sábà máa ń ṣe eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìjọ tó bá gbé àìsùn tirẹ̀ sí òru kan náà nítòsí agbo ń dá ìjà sílẹ̀ ni.

Pátákó ni mo fẹ́ kí ẹ ronú lé lórí jù. Ọ̀pọ̀ ìjọ ń kọ tiwọn ní èdè Faransé nìkan, wọn á sì gé orúkọ gígùn kúrú sí lẹ́tà mẹ́rin márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò lè tú, tí ìyá tó ń gbé ẹrù rọjà kò sì ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run wá, tí S.B.J. Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1947, kò ní ìṣòro yìí, nítorí aṣọ funfun àti ẹsẹ̀ láìsí bàtà ti sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ láti òkèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ kọ Yorùbá sókè, kí Faransé wà lábẹ́, kí ẹ sì fi ìlà kan kún un ní èdè Fọ̀n bí àwọn Fọ̀n bá pọ̀ ládùúgbò. Ẹ rántí pé ẹni tó fi Bíbélì kọ́ ìwé kíkà mọ ẹ àti ọ, nígbà tí ẹni tó kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà lọ́dọ̀ wa níbí mọ ɛ àti ɔ tí wọ́n fi ń kọ ìró kan náà. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ náà kúrú: orúkọ ìjọ, ọjọ́ àti aago ìsìn, nọ́ńbà fóònù kan tí ẹnìkan yóò máa gbé. Kí ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan kà á sókè fún yín lórí ìwé kí ẹni tí ń kun pátákó tó fi ọwọ́ kan ọ̀dà.

Rédíò àdúgbò, WhatsApp àti àwọn ìyá ìjọ tó ń nájà ni kí ó gbé ìkéde yòókù. Ní tèmi, ẹnu àwọn ìyá ọlọ́jà yá ju méjèèjì lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan iṣẹ́ kan ṣoṣo tí àdúgbò yóò máa fi dá yín mọ̀, kí ẹ má sì dá a dúró. Ó lè jẹ́ ṣíṣí ẹ̀rọ omi ìjọ sílẹ̀ fún gbogbo ojúlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì lè jẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò CEP, èyí tí wọ́n fi ń parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ iná ilé ìsìn. Ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ òbí kankan bóyá ó ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi.

Àwọn kan yóò wá fúnra wọn. Kí ẹni tó lọ kí ilé wọn ní oṣù àkọ́kọ́ ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ojú rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Kí ó bá àlejò jókòó, kí ó ṣí orin tí a ń kọ fún un, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n mú un dìde níwájú gbogbo ìjọ. Kí ó tó di Ọjọ́rú, kí ó padà lọ kí i nílé rẹ̀, láìmú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kankan dání.