Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ Lóko àti Nílé: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ìyá Ọlọ́mọ Wẹ́wẹ́

Bí ilé ìwé bá ti parí sáà kẹta ní ìparí oṣù keje, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á kó wálé, ó sì di nǹkan bí àárín oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó padà. Àsìkò yìí gan-an ni ọwọ́ ìyá tó ń dáko ní Ìbàràpá máa ń dí jù: bàrà ẹ̀gúsí ti ń jẹrà lóko, ó ń retí ẹni tí yóò fọ̀ ọ́, àgbàdo tútù ti gbó, pákí wà nínú omi, ilẹ̀ tí a ó gbin ẹ̀wà sí kí òjò kejì tó dé kò sì tíì rí ẹni ro ó. Láàárín gbogbo èyí ni ọmọ ọdún mẹ́rin yóò di etí ìró ìyá rẹ̀ mú, tí yóò máa béèrè ibi tí wọ́n ń lọ lónìí.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìwé yìí fún, nítorí èmi náà wà lára wọn. Iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ni mò ń ṣe, ọmọ mẹ́ta ni mo sì tọ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ẹ fún ọmọ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò bẹ̀rẹ̀ tí yóò sì parí kí ilé ìwé tó wọlé, kí ẹ sì ti kó ohun tó lè pa á lára kúrò lọ́nà kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò bá ẹni tó bá lè san owó lẹ́sìnnì jà, ṣùgbọ́n ìyá tí kò rí owó náà san kò fi ohun ńlá kan du ọmọ rẹ̀, bí ó bá lè fi oko àti ilé ìdáná rẹ̀ kọ́ ọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 pàápàá gbà kí ọmọ ṣe iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ lóko tàbí nílé lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà kí a di ẹrù tó wúwo jù ú lọ rù ú. Nítorí náà, kò sí ohun tó kan ọmọ kékeré kan àdá, kò sì yẹ kí a di agbọ̀n pákí lé e lórí.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ kó kúrò lọ́nà

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ara mi. Ní ọdún tí ọmọ mi kejì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, mo rẹ pákí fùfú sínú ìdajì dúrọ́ọ̀mù kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Omi inú rẹ̀ kò ju orúnkún mi lọ. Mo yíjú láti kó igi, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá figbe ta. Kí n tó wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì ọmọ náà ti kúrò nílẹ̀, àyà rẹ̀ ti wà létí dúrọ́ọ̀mù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń na èèpo pákí kan tó léfòó lójú omi. Mo já a gbà lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà kò ké rárá, ohun tó sì dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, nítorí bí kì í bá ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ǹ bá má gbọ́ ohunkóhun. Orí ọmọ kékeré wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ, bó bá ti dorí kodò sínú omi, kò lágbára tí yóò fi ti ara rẹ̀ padà, omi tí kò ju ìdajì garawa lọ sì tó láti pa á. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi pákó bo dúrọ́ọ̀mù, tí mo sì ń gbé òkúta lé pákó náà. Kí ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tó pé, ẹ fi ìdérí tó ṣeé tì sórí kànga, ẹ da omi tí ẹ kò lò nù kúrò nínú bàsíà, kí ẹ sì yan ẹni kan tí ojú rẹ̀ yóò máa wà lára ọmọ nígbàkígbà tí ẹ bá wà létí odò. Iṣẹ́ ẹni yẹn nìkan nìyẹn, kò gbọdọ̀ máa fọ aṣọ pọ̀ mọ́ ọn.

Ohun kejì ni kẹ́míkà oko. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń bu òògùn apakòkòrò tàbí òògùn apako sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò kí wọ́n lè mú ìwọ̀nba lọ sóko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ pé kì í ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló wà nínú ike náà. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti ka títa òògùn apakòkòrò DDVP inú ìgò kékeré 100 ml léèwọ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n sì ti fi òfin de òògùn apako tí wọ́n ń pè ní paraquat. Bí èyí tí ẹ rà tẹ́lẹ̀ bá ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ilé, ẹ má dà á sínú odò, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín nípa bí ẹ ó ṣe kó o dànù. Lọ́jọ́ tí baálé bá fẹ́ fín oko, kí àwọn ọmọ jókòó sílé, kí wọ́n má sì wọ oko náà títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ike òògùn yóò fi pé. Kí aṣọ tó fi fín oko má bá aṣọ ọmọ pàdé nínú omi ìfọṣọ kan náà. Bí ọmọ bá ṣèèṣì gbé nǹkan bẹ́ẹ̀ mì, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fipá mú un bì, nítorí ohun tó ń bì lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ kí ó sì ba ibẹ̀ jẹ́. Ẹ gbé ọmọ náà àti ike òògùn náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ejò, ẹ ro àyíká ilé àti ojú ọ̀nà oko dáadáa, kí ọmọ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé a kì í ti ọwọ́ bọ ihò. Bí ejò bá bù ú jẹ, a kì í sín in ní gbẹ́rẹ́, a kì í fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin, a kì í sì fi ẹnu fa oró. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, kí àgbàlagbà gbé e, ẹ má jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ebè ọmọ

Nígbà tí àwọn ọmọ mi kéré, ilá ni mo kọ́kọ́ fún wọn gbìn. Ilá dára, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí oṣù méjì kí ó tó so, nítorí náà wọ́n ti padà sílé ìwé kí a tó ká a, kò sì sí èyí tó béèrè rẹ̀ mọ́ nínú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ ohun tó ń jẹ́ oṣù méjì. Èyí tó bá gbìn tó sì jẹ nínú ìsinmi kan náà ni yóò yé e. Tẹ̀tẹ̀ máa ń tó fà ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ewédú ní ọ̀sẹ̀ 5 sí 6, àwọn méjèèjì sì bá ìsinmi yìí mu gẹ́lẹ́ bí ẹ bá gbìn ín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ lè rí irúgbìn tó dára rà ní NIHORT, ilé ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso tó wà ní Ìdí-Ìṣìn ní Ìbàdàn, tàbí lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ tí ẹ bá fọkàn tán.

Ẹ kọ ebè pẹrẹsẹ, irú èyí tí àwọn olùgbin ẹ̀fọ́ ń pè ní bẹ́ẹ̀dì. Kí fífẹ̀ rẹ̀ má ju mítà 1 lọ, kí ọwọ́ ọmọ lè kan àárín rẹ̀ láìtẹ ewébẹ̀ mọ́lẹ̀, mítà 2 sì tó fún gígùn rẹ̀. Ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ilẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìyá ni kí ó ṣe èyí, kí ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó fún ọmọ lóúnjẹ.

Kóró ewédú kéré, ó dúdú bí ẹ̀tù ìbọn, èèpo rẹ̀ sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í hù bí a bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà mọ oògùn rẹ̀: ẹ di kóró náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ rì í bọ inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí iná, ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ sì jù ú sínú omi tútù. Níbi yìí ni ọmọ ti ń ríṣẹ́ ṣe. Ẹ mú un dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ márùn-ún sí omi gbígbóná náà, kí ó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún sókè. Bí ó bá ti dé àrún, ẹ fa aṣọ náà jáde. Àbígbẹ̀yìn mi gba iṣẹ́ yìí bí ẹni gba oyè. Ó máa ń dì í mú pé òun kò tíì pe àrún, pé n kò gbọdọ̀ yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fo ẹ̀rin mọ́ láti ìgbà náà. Ẹ sá kóró náà kí omi ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀, ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó má bàa ki jù, kí ọmọ sì máa fi ìka mẹ́ta bù ú sójú ilà tí ẹ ti fà. Bákan náà ni ti tẹ̀tẹ̀, àfi pé òun kò fẹ́ omi gbígbóná.

Òjò máa ń dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, nítorí náà ẹ bá a wá agolo kékeré kan, ẹ fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, kí ó máa fi bomi rin ebè láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5, wọn yóò rí i tó yọrí. Bí koríko bá bá a yọ, ẹ fi ewé han ọmọ dáadáa kí ó má bàa fa ewédú tu: ní ìdí ewé ewédú, níbi tó ti pàdé ọ̀pá rẹ̀, irun méjì tín-ín-rín wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí irùngbọ̀n ológbò. Ọmọ tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í ṣì í mọ́.

Ìdí ẹ̀gúsí, ìdí ẹ̀wà

Bàrà tí a ti là tí ó ti jẹrà ń rùn, ó sì ń yọ̀, èyí gan-an ni àwọn ọmọ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín fi ọwọ́ wá kóró inú rẹ̀, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ wọ́n dé igbápá lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀gúsí bá ti gbẹ tí ẹ ń bó o nírọ̀lẹ́, ẹ ní kí ọmọ máa kó èyí tó bó jọ ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọmọ tó bá ti rí òkìtì mẹ́wàá méjì lójú ara rẹ̀ kò ní pẹ́ mọ ohun tí ogún jẹ́.

Lálẹ́ tí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà tí ẹ ó gbìn, ẹ mú ọ̀kan síwájú iná, kí ẹ sì pa á ní àlọ́: òrúkú tindí-tindí, òrúkú tindì-tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Ẹ má sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí ó wo ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀ títí yóò fi rí ojú dúdú tó wà lára rẹ̀.

Ọ̀nà oko

Ẹ fi ìdajì wákàtí kún àkókò tí ẹ ń gbà dé oko, nítorí ọmọ yóò dúró. Yóò dúró nídìí patanmọ́, yóò fọwọ́ kàn án, yóò wò ó bí ewé rẹ̀ ṣe ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì fẹ́ dúró kí ó tún là. Ẹ dúró tì í lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Ìyeyè máa ń já sílẹ̀ lásìkò yìí, ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí olú, àfi èyí tí ìyá yín fi hàn yín tí ẹ sì ti ń jẹ láti kékeré ni kí ẹ mú wálé. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé pákí tútù kì í ṣe ohun jíjẹ bó ti wù kí ó dùn lẹ́nu tó, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀ tí rírẹ àti sísè máa ń mú kúrò.

Bí ara ọmọ kò bá dá

Ìgbẹ́ gbuuru wọ́pọ̀ lásìkò yìí. Ẹ po ìdì ORS kan, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, mọ́ lítà 1 omi tó mọ́, ìyẹn omi inú ọ̀rá 50 cl méjì, kí ẹ máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí ORS nítòsí, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà 1 omi kan náà, kí ohun tó wà nínú ṣíbí tẹ́jú, kí ó má gogoro. Ẹ má dá oúnjẹ àti ọmú dúró. Ẹ gba oògùn zinc ní ilé ìwòsàn, ọjọ́ 10 sí 14 ni ọmọ yóò fi lò ó, kódà bí ìgbẹ́ náà bá ti dá. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí kò bá lè mu omi, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ẹ má dúró di ọ̀la. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà kí ẹ tó ra oògùn, kí ó sì máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn lóròòru, ì báà ṣe ní abúlé tí ẹ sùn sí lọ́jọ́ kan péré.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ já ewédú rẹ̀, kí ó ré ewé kúrò lára ọ̀pá, kí ó sì di ìjábẹ̀ mú bí ẹ bá ti gbé ìkòkò kúrò lórí iná tí ó ti tutù díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni kí ó bu ọbẹ̀ náà fún. Ẹ má já gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ fi ọ̀pá mẹ́ta sílẹ̀ ní ìgun ebè kí ó so, èso rẹ̀ yóò sì gbẹ di àwọ̀ ilẹ̀ kí ọdún Kérésì tó dé. Ẹ ká a nígbà náà, ẹ pa á, kí ẹ sì da kóró rẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ tí kẹ́míkà kò wọ̀ rí. Ẹ kọ orúkọ ọmọ náà sára ìgò, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí òun yóò ti máa rí i títí di oṣù keje ọdún tó ń bọ̀.