Bí o ṣe lè ka Thomas Aquinas láìsùn lọ
Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí Summa Theologiae, ìwé ńlá tí Thomas Aquinas, àlùfáà Kátólíìkì ti ọ̀rúndún kẹtàlá, kọ nípa ẹ̀kọ́ Ọlọ́run, ẹ̀rù bà mí. Apá kìíní, ìbéèrè kejì, abala kẹta: ṣé Ọlọ́run wà? Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ó jọ pé kò sí. Háà, àlùfáà! Àṣé àtakò sí èrò tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tò kalẹ̀, bí wọ́n ṣe ń jiyàn ní yunifásítì láyé ìgbà náà.

Nítorí náà, má bẹ̀rẹ̀ látòkè. Wá ibi tó ti ní "Mo dáhùn pé". Ẹnu tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kó o padà sókè, kó o so àtakò kọ̀ọ̀kan mọ́ èsì rẹ̀ nísàlẹ̀. Pẹ́ńsù ni mo fi ń nọ́ńbà wọn. Abala kan lóòjọ́ ti tó.

Má wá ìparí ìwé náà o. Ní oṣù Kejìlá 1273 ló gbé gègé sílẹ̀, ó ní bíi pòròpórò ni gbogbo ohun tóun ti kọ rí lójú òun.