Bí mo ṣe ta wáyà rédíò sórí ilé alájà mẹ́ta ní Adó-Èkìtì

Nínú Adó-Èkìtì, níbi tí ilé ti fara kọ́ra bíi ti agbègbè Fájuyì, kò sí àyè nílẹ̀ tí èèyàn máa na wáyà mítà mẹ́wàá sí tí kò ní wọ àgbàlá ẹlòmíì. Òrùlé ló kù. Rédíò tí mò ń wí ni èyí tí wọ́n ń pè ní ham radio: ẹni tó bá gbàṣẹ ló ń fi í bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé sọ̀rọ̀, láìsí kírẹ́díìtì, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe fún òwò. 5N ni wọ́n fi ń mọ ibùdó tiwa ní Nàìjíríà.

Bàbá onílé ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe òpó àwọn oníléeṣẹ́ fóònù lo fẹ́ gbé sórí ilé mi?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Wáyà méjì ni àti igi ọparun kan. Mi ò ní lu páànù yín." Ọ̀rọ̀ páànù yẹn ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Mo fi ìwé àṣẹ mi hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé pé 100 wáàtì ni agbára rédíò náà, bíi ti gílóòbù àtijọ́ kan.

Dipole ni áńtẹ́nà tí mo yàn: wáyà kọ́pà méjì tó gùn dọ́gba, tí coax, ìyẹn wáyà tó ń gbé agbára láàárín rédíò àti áńtẹ́nà, so mọ́ láàárín. Láti mọ gígùn rẹ̀ ní mítà, ẹ fi fíríkúẹ́ńsì, ní MHz, pín 142.5. Lórí 14.2 MHz, ó jẹ́ mítà mẹ́wàá àti díẹ̀, ìyẹn mítà márùn-ún lápá kan. Mo gé e gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí èyí tó gùn ṣeé gé.

Ọ̀dọ̀ páànù gan-an ni iṣẹ́ wà. Irin ni. Bí wáyà bá sún mọ́ ọn, agbára tó yẹ kó rìn jìnnà á kàn dojú kọ òkè, fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ á sì wálẹ̀ kúrò níbi tí a gé e sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi lo ọparun: ó fúyẹ́, kì í gba iná bíi ti irin, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Èmi àti bírikìlà kan fi kíláàmù dè é mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé, orí rẹ̀ ga ju òrùlé lọ dáadáa. Àárín wáyà wà lórí ọparun, apá méjèèjì ń gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, okùn ọ̀rá ló dè wọ́n. Gígẹ̀rẹ̀ yẹn ṣàǹfààní: dipole tó nà gbọọrọ máa ń ní ìdènà iná tó tó nǹkan bí 73 ohm, ti coax wa jẹ́ 50, bó bá gẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì á sún mọ́ra.

Láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni mo na án, torí ẹ̀gbẹ́ ni dipole ti ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe orí àti ìdí. Láti Èkìtì, Yúróòpù wà ní àríwá, South Africa wà ní gúúsù; wáyà kan ṣoṣo dojú kọ méjèèjì. Iwájú ilé ni ì bá rọrùn jù, àmọ́ ibẹ̀ ni wáyà NEPA gbà kọjá. Bí okùn bá já lọ́jọ́ ìjì, orí iná ló máa já sí. Mi ò débẹ̀ rárá.

Ojú ibi tí coax ti pàdé wáyà, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó o, mo fi téèpù dì í, mo tún fi rọ́bà tíúbù wé e. Lẹ́bàá fèrèsé, mo jẹ́ kí coax kọ́kọ́ wálẹ̀ kó tó gòkè wọlé, kí omi òjò lè kán síta. A wá ń sọ wáyà kalẹ̀, a ń gé e díẹ̀díẹ̀, a tún ń fà á sókè, títí SWR, òǹkà tó ń fi hàn bóyá agbára ń padà sẹ́yìn láti áńtẹ́nà, fi wálẹ̀ kọjá 1.5.

Ariwo ló kù. Ínfátà àti sólà àdúgbò ń da ariwo sínú rédíò lọ́sàn-án. Mo wé coax mọ́ òrùka ferrite, èyí tó ń dí ariwo lọ́nà lórí wáyà. Ariwo dín kù, kò tán. Bí oòrùn bá ti rọ̀ ni mò ń gbọ́ Yúróòpù ketekete. Nígbà tí ará Ítálì kan kọ́kọ́ dá mi lóhùn, mo sọ fún un pé JJ27 ni mo wà, àmì tí àwọn onírédíò fi ń mọ àyíká Adó lórí máàpù. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ pe Bàbá wá gbọ́.

Àrá ni mi ò fi ṣeré. Mo gbá ọ̀pá kọ́pà wọlẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, mo so ara coax mọ́ ọn. Ìyẹn nìkan kò tó: bí ojú ọ̀run bá ti ṣú lápá Ìjàn, mo máa ń tú coax kúrò lára rédíò, màá sì sọ orí rẹ̀ síta.

7 MHz ló kàn. Ogún mítà ni wáyà rẹ̀, òrùlé wa kò gùn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìdí méjèèjì máa rọ̀ wálẹ̀ lára ògiri ẹ̀yìn. Bàbá ti gbà. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni mò ń dúró dè, torí páànù tútù ń yọ̀.