Tí àwọ̀ fótò raw bá dàrú torí pé sọ́fítíwià ò mọ kámẹ́rà yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya fótò l'Ójúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ aṣọ kì í ṣe nǹkan eré níbẹ̀, Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, torí náà tẹ́ ẹ bá gbé fótò fún wọn tí wáìnì ti di píńkì, inú wọn ò lè dùn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Tí kámẹ́rà yín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, sọ́fítíwià yín lè máà tíì mọ bó ṣe máa ka raw rẹ̀ (fáìlì fótò tí kámẹ́rà ò tíì sọ di àwòrán), torí náà ẹ kọ́kọ́ ṣe update sọ́fítíwià yín ná. Tí Lightroom (sọ́fítíwià tẹ́ ẹ fi ń tún fótò ṣe) yín bá ti pẹ́, ẹ gba Adobe DNG Converter, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ fi yí fáìlì náà sí DNG, irú raw tí Lightroom tó ti pẹ́ náà lè ṣí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ló ń parí sí.

Tí ò bá parí, ẹ má tíì fọwọ́ kan white balance (ibi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀ ṣe kí funfun lè jọ funfun) o! Nọ́ńbà ló wà nínú raw, sọ́fítíwià sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí funfun parí sí, àti bí sensor yẹn (ojú tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀) ṣe ń rí àwọ̀. Ẹ wo ibi tó ti bàjẹ́. Tó bá jẹ́ abẹ́ òjìji ló ń pọ́n tàbí tó ń ṣe bí ewé, black level (ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀) ni. Tó bá jẹ́ sánmà tàbí agbádá funfun inú oòrùn ló di píńkì, white level (ibi tí funfun parí sí) ni. Ẹ dé lẹ́ǹsì pa kẹ́ ẹ ya ọ̀kan, ẹ tún ya òmíràn tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù pátápátá, ẹ ṣí méjèèjì nínú RawDigger, sọ́fítíwià tó ń fi nọ́ńbà inú raw hàn, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà wọn (fáìlì 14-bit ò lè kọjá 16383), kẹ́ ẹ wá lọ tún un ṣe nínú RawTherapee, sọ́fítíwià tó ń ṣí raw, níbi Raw Black Points àti Raw White Points.

Tí òjìji àti funfun bá ti dáa àmọ́ tí pupa ṣì ń ṣe bí ọsàn, ó ku bí sensor ṣe ń rí àwọ̀. Ọ̀nà kúkúrú ni pé kẹ́ ẹ fi exiftool (irinṣẹ́ tó ń yí ìsọfúnni inú fáìlì fótò) yí orúkọ Model, ìyẹn orúkọ kámẹ́rà, inú ẹ̀dà fáìlì náà sí ti kámẹ́rà àgbà rẹ̀ tí wọ́n jọ ní sensor kan náà, tí sensor wọn ò bá dọ́gba ẹ má ṣe é rárá. Èyí tó dájú jù, tí mo fara mọ́ gan-an, ni kẹ́ ẹ ya ColorChecker alápá 24 (páálí tí wọ́n kun àwọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ sí) nínú oòrùn, ìta gbangba ni o, kì í ṣe abẹ́ kánópì, torí kánópì búlúù máa ń da búlúù sójú èèyàn, ẹ máa rò pé kámẹ́rà ni. Nínú RawTherapee ẹ yan No profile, ẹ tẹ Save Reference Image, kẹ́ ẹ wá fi sọ́fítíwià ArgyllCMS ṣe ICC látinú ẹ̀, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí sensor yín ṣe ń rí àwọ̀.

Ìgbà yẹn ló tó kan white balance. Ẹ má fi aṣọ funfun ṣe é, kẹ́míkà tó ń mú aṣọ funfun tàn máa ń fa búlúù wá, grey card (páálí aláwọ̀ eérú) ló dáa. JPEG (fótò tó ti di àwòrán) tí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ ṣe náà wúlò, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ raw yín kẹ́ ẹ fi wé e.

Ẹ tọ́jú raw àkọ́kọ́, tí update tó mọ kámẹ́rà yín bá dé lọ́jọ́ iwájú, ẹ yọ gbogbo nọ́ńbà tẹ́ ẹ fọwọ́ fi sí i kúrò kó má baà di ìlọ́po méjì.